Ẹ̀gbà Tí Kì Í Kọ̀ Lẹ́ẹ̀kẹta

Nígbà tí Ìbídùn kà dé ìlà kẹrìnlélógójì, ọ̀rọ̀ há a lẹ́nu. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, ó sì tún un kà sókè, nítorí òfin Ilé Ìyẹ̀wò ni pé a kì í fi ojú lásán ka kóòdù kankan. Ẹnu la fi ń kà á, kí ẹni tó kọ ọ́ lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

"'Bí èdìdì kò bá pé, kọ̀ ọ́, kí o tún béèrè,'" ni ó kà. "'Bí o bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì tún padà wá, gbà á wọlé.'"

Ẹni tó kọ ọ́ kò jìnnà sí i. Bàbá Fámúyìdé ló jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, tó kẹ̀yìn sí i, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó ti ń kọ kóòdù fún ìlú Òkè-Àrè láti ìgbà tí orí rẹ̀ ṣì ní irun. Kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá bi í. Olùyẹ̀wò ni ọba nínú yàrá yẹn, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n bíi ti Ìbídùn, tí bàbá náà sì ti gbé e pọ̀n rí.

Ère amọ̀ kan wà lórí tábìlì láàárín àwọn méjèèjì. Kò ní ojú, ṣùgbọ́n ó ní imú, ó ní ẹnu, ó sì ní àpò rọ́bà nínú àyà tó ń wú tó sì ń sọ̀ bí ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn. Ẹ̀gbà tuntun, tí kóòdù yìí ti wà nínú rẹ̀, ni wọ́n fi sí i lọ́rùn. Iná kékeré ara ẹ̀gbà náà pupa, nítorí pé rádíò inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, kò sì tíì mọ nǹkan kan.

Bí gbogbo ẹ̀gbà Òkè-Àrè ṣe máa ń jí láràárọ̀ nìyẹn, láìmọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Kóòdù tí Ìbídùn ń kà yìí ló ní láti wá òye rẹ̀ wá fún un, kó wọn gígùn òye náà, kó yẹ èdìdì ìlú wò lára rẹ̀, kó tó dà á sínú rádíò. Ìgbà náà ni iná yóò di àwọ̀ ewé, tí ẹ̀gbà yóò sì lè gbọ́ ohun tí òpó orí àpáta ń sọ: eruku ń bọ̀, bo imú, eruku ti lọ, ṣí i. Ẹ̀gbà tí kò bá ní òye kò sàn ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ, ìlẹ̀kẹ̀ kì í sì í gba ènìyàn lọ́wọ́ eruku ọyẹ́ ayé ìsinsìnyí.

"Bàbá, mo ní ìbéèrè," ni Ìbídùn wí.

"Bi mí, ọmọ mi."

"Lẹ́ẹ̀kẹta yìí tí yóò gbà á wọlé, èdìdì ta ni yóò wà lára rẹ̀?"

Bàbá náà fi ọwọ́ pa orúnkún. "Kò ní sí èdìdì."

"Kò ní sí rárá?"

"Ìbídùn, ẹni mẹ́ta ló kú ní Ìsàlẹ̀-Odi ní ọyẹ́ tó kọjá. O mọ̀ wọ́n. Òye tí òpó rán sí wọn dára, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Àpáta ló ń ta ìgbì rádíò padà, kó tó dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, èdìdì á ti ya. Ẹ̀gbà á wò ó, á ní òun ò mọ̀ ọ́n. Á kọ̀ ọ́. Òpó á tún rán an, á tún kọ̀ ọ́. Bó ṣe ń kọ̀ ọ́ lọ nìyẹn títí tí wọ́n fi gbé wọn jáde." "Mo ní kó má kọ̀ ọ́ títí. Àbí kí ni òfin wa wí?"

Ìbídùn mọ ohun tí òfin wí. Kò sí ọmọ Òkè-Àrè tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí omi gba àwọn ìlú etíkun, tí àwọn ènìyàn ń wọ́ lọ́ọ̀wọ́ lọ́ọ̀wọ́ wá sí ẹsẹ̀ òkè, àwọn àgbà ṣe òfin kan: ẹni tó bá kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, a kì í kọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ lè kọ̀ ọ́ lónìí, ẹ lè kọ̀ ọ́ lọ́la, ọjọ́ kẹta ó ti di ẹni yín. Òfin yìí wọ ìlú lára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò fi ń ka iye ìgbà tó ti béèrè. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń wá ìyàwó tilẹ̀ fi dá wàhálà sílẹ̀ nígbà kan, kí àwọn àgbà tó sáré yọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kúrò nínú rẹ̀.

"Èmi fúnra mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kanlẹ̀kùn," ni Bàbá Fámúyìdé wí. "Aya mi ti kú sí ojú ọ̀nà. Bí kì í bá ṣe òfin yẹn, ta ni ì bá kọ kóòdù fún yín?"

"Ènìyàn ni òfin yẹn wà fún, Bàbá. A máa ń rí ojú ènìyàn lẹ́nubodè."



Ohun tó ń dun Ìbídùn jù ni pé òun náà fẹ́ kí ìlà yẹn dára. Ìyá rẹ̀ ń gbé Ìsàlẹ̀-Odi. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ kí i láàárọ̀, ó bá a nínú yàrá tó ti fèrèsé mọ́rí, aṣọ tútù lójú imú, iná ẹ̀gbà rẹ̀ pupa bí ata, ètè rẹ̀ sì ti funfun. "Kò ṣe mí ní nǹkan kan," ni ìyá rẹ̀ wí, pẹ̀lú èémí tó ń já lájàákù. Eruku kékeré lásán ni ti ọjọ́ yẹn. Òpó sì ti wí pé ńlá ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ìbídùn ti ń retí kóòdù yìí bí ẹni ń retí òjò. Ó jókòó kà á pẹ̀lú ìpinnu pé òun yóò tẹ̀ka sí i, kí ìyá òun lè mí. Ká má purọ́, ká ní ohùn rẹ̀ kò há ni, ì bá ti kọjá ìlà kẹrìnlélógójì lọ.

Ó dìde, ó gbé rádíò ìdánwò kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, èyí tí kò tóbi ju ìwé méjì tí a tò léra. Ó kọ òye burúkú kan sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò ju ìlà méjì lọ: bo imú, má ṣí i mọ́. Kò sí èdìdì kankan lára rẹ̀.

"Kí lo ń ṣe?" ni Bàbá Fámúyìdé béèrè. Ó ti gbàgbé pé òun kò gbọdọ̀ béèrè.

"Ẹ yíjú padà, Bàbá. Mo fún yín láyè."

Ó kọ́kọ́ fi òye gidi sínú ẹ̀gbà ọrùn ère, èyí tó ní èdìdì tó pé. Iná di àwọ̀ ewé. Àpò rọ́bà ń wú, ó ń sọ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé. Lẹ́yìn náà ni ó rán òye burúkú yẹn.

Kẹ́, ni ẹ̀gbà dún. Ó kọ̀ ọ́.

Ó tún un rán. Kẹ́. Ó tún kọ̀ ọ́.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kò dún. Iná rẹ̀ ṣẹ́jú, ó pupa, ó sì tún di àwọ̀ ewé bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Awẹ́ rọ́bà méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbà náà sì dìde, wọ́n bo imú àti ẹnu ère pinpin. Àpò inú àyà rẹ̀ wú, ó dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wò ó. Kò sọ̀ mọ́.

"Kì í wá ṣe àárọ̀ nìkan," ni Ìbídùn wí. "Ìgbàkígbà tí òye tuntun bá dé ni ìlà yẹn ń ṣiṣẹ́."

"Ẹni tó bá dúró ní ìgboro pẹ̀lú irú rádíò yìí..." Bàbá kò lè parí rẹ̀.

"Ẹnì kan ni yóò pa. Ẹni tó bá dúró nídìí òpó ńkọ́?"

Ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn ló wà ní Òkè-Àrè, ọ̀kẹ́ méjì ọrùn. Bàbá Fámúyìdé bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi bo ojú, ó sì sunkún bí ọmọ kékeré. Àánú ló ṣe arúgbó yìí. Kò ní ìkà nínú, kò sì mọ̀ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Tàbí ká kúkú sọ pé ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú ẹni mẹ́ta tó kú ló ń rí nígbà tó ń kọ ọ́, kò rí ti aláǹgbá.

"Mo lè tún un kọ," ni ó wí nígbà tó fi fìlà nu ojú tán. "Kí ẹ̀gbà tọ́jú òye àná sọ́wọ́. Bí ti òní bá dé láìpé, kó máa lo ti àná. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí n ṣe é. Orí mi dàrú ni."

"Yóò gba ìtàdógún kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ tún gbé e wá fún kíkà."

"Eruku ò ní dúró de ìtàdógún."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Ibi tí wọ́n sọ ọ́ dé nìyẹn tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Wọn kò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ ni, Adégoróyè, ọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní, tí kì í gbé ohùn sókè, tí àwọn ọmọ ọwọ́ sì máa ń dákẹ́ ẹkún níwájú rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé ó ń ṣeré fún wọn. Ó wo ère orí tábìlì, ó wo àpò rọ́bà tó wú, kò sì béèrè ohun tó ṣe é.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùyẹ̀wò. Bàbá, ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ káàárọ̀, Akọ̀wé," ni Ìbídùn wí.

"Òpó ti rí eruku. Ó ti kọjá odò. Ìgbìmọ̀ ń fẹ́ kí òye tuntun ti wà lọ́rùn gbogbo ìlú kí oòrùn tó kan àtàrí. Ẹ bá wa tẹ̀ka sí i."

"Mi ò tíì kà á tán."

"Ẹ ti kà dé ibi tó ṣe pàtàkì." Ó fi ìka kan ère náà lórí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kí ọmọdé. "Àwa náà kàwé díẹ̀."

Ìbídùn wò ó. "Ẹ ti rí ìlà kẹrìnlélógójì kí ẹ tó gbé e wá fún mi?"

"A rí i."

"Ẹ sì mọ ohun tó lè ṣe."

"Olùyẹ̀wò, arúgbó yìí ṣí fèrèsé kan nítorí àánú. Ìgbìmọ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni gba ibẹ̀ wọlé o. A kàn ní kí ẹ má tì í ni."

Bàbá Fámúyìdé dìde lórí àpótí. "Adégoróyè! Lójú mi báyìí! Mi ò kọ ọ́ fún irú yín!"

"Ẹ jókòó, Bàbá," ni Adégoróyè wí, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà. "Ẹni tó kọ ọ́ kì í sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá bi í. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí Ìbídùn. "Ìyá yín ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Ẹ pè wọ́n."

Ìbídùn fi ìka méjì tẹ ẹ̀gbà ọrùn tirẹ̀, ohùn ìyá rẹ̀ sì jáde lójijì, ó dún ketekete, bí kò ti dún láti oṣù mẹ́ta, ó sì fi oríkì pè é.

"Àyọ̀ká! Ìwọ lo rán wọn, àbí? Mo mọ̀ pé ìwọ ni! Èémí mi ti já geere, ọmọ mi. Mo ti gbálẹ̀, mo ti fọ aṣọ méjì. Àwọn ọmọ dáadáa yẹn ni, wọ́n fi tuntun sí i fún mi, wọn ò tilẹ̀ mu omi mi."

"Nígbà wo, Màámi?"

"Láàárọ̀ kùtù. Ṣé kò sí o? Ohùn rẹ ò dára."

"Kò sí, Màámi. Mò ń bọ̀ wá kí yín."

Ó gbé ìka kúrò lórí ẹ̀gbà. Adégoróyè ti dúró ti fèrèsé, ó ń wo ìlú nísàlẹ̀.

"Ẹnì kan ṣoṣo la fi dán an wò," ni ó wí. "A wò ó pé inú yín yóò dùn kó jẹ́ tiyín. Wọ́n ń mí dáadáa báyìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa mí bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹ̀gún kankan lára. Ẹni tó bá gbọ́ ọ níta yóò rò pé àdúrà ni. Ìbídùn kò rò bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù bà á.

Àwo ìtẹ̀ka wà níwájú rẹ̀. Apá ọ̀tún ni ti gbígbà, apá òsì ni ti kíkọ̀. Bó bá tẹ ọ̀tún, òpó yóò dà á sí ọ̀kẹ́ méjì ọrùn kí ó tó yọ ìka kúrò. Bó bá tẹ òsì, kò sí ẹni tó lè rán an títí ìtàdógún yóò fi pé, ìbáà ṣe Ìgbìmọ̀. Ó ku ọrùn kan ṣoṣo tó ti wọlé sí, ìyẹn kò sì sí lábẹ́ òfin kankan mọ́.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìbídùn gbé ọwọ́ lé àwo náà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, nítòsí apá ọ̀tún. Ó rí ìyá rẹ̀ lójú inú bó ṣe ń sá aṣọ méjì sórí okùn. Ó fẹ́ràn obìnrin yẹn ju ohunkóhun lọ láyé, kò sì tijú àtisọ ọ́. Bó bá tẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ̀ yóò mí lónìí. Lọ́la ńkọ́? Lọ́la, ọkùnrin mímọ́ tónítóní yìí yóò tún dé pẹ̀lú ohun mìíràn tó ń fẹ́, yóò tún béèrè pé ìyá yín ńkọ́. Kì í sì í ṣe ìyá tirẹ̀ nìkan. Gbogbo ilé tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ ní ìpàdé ìlú ni yóò máa béèrè ìyá wọn. Àtàǹpàkò òun kò lè ra èémí ìyá òun padà. Ńṣe ni yóò tún fi ti ẹlòmíràn kún un.

Ó gbé ọwọ́ kọjá, ó sì tẹ òsì.

Àwo náà pupa. Bàbá Fámúyìdé mí kanlẹ̀.

Adégoróyè kò pariwo. Ó wo àwo náà fún ìgbà díẹ̀, ó tún apá aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Olùyẹ̀wò," ó sì jáde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ì bá sàn kó bú u.

"Sáré," ni Bàbá Fámúyìdé wí. "Má bi mí pé, 'Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?' Àwọn tí ẹ̀gbà wọn kì í gbọ́ òpó kò ju ogún lọ, mo mọ ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni yóò kanlẹ̀kùn wọn, n ó kó wọn gòkè lọ sínú ihò àpáta. Ẹsẹ̀ mi ṣì gbé mi. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò lè gun òkè, ìwọ náà sì mọ ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀. Sáré, Ìbídùn!"

Ó sáré. Àtẹ̀gùn tó lọ sí Ìsàlẹ̀-Odi lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó fò wọ́n ní méjì méjì. Apá ìlà oòrùn ti pupa láti ilẹ̀ dé ọ̀run, ó sì ń wọ́ bọ̀ láìpariwo. Àwọn ènìyàn ń kó ewúrẹ́ wọlé, wọ́n ń fi aṣọ di abẹ́ ilẹ̀kùn. Obìnrin kan kígbe sí i pé, "Olùyẹ̀wò, ṣé tuntun ti dé?" Ó kọjá lára rẹ̀, ó ń sáré lọ.

Ó ní ohun kan lọ́kàn. Kò gbọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ló wà. Ẹ̀gbà ọrùn òun fúnra rẹ̀ gba òye rẹ̀ láàárọ̀ lórí òkè, níbi tí ìgbì ti mọ́, pẹ̀lú èdìdì tó pé, pẹ̀lú kóòdù àtijọ́ tó lè kọ nǹkan títí ayé. Kò ní nílò òye mìíràn títí di àárọ̀ ọ̀la. Bí eruku bá sì ti dé, ẹ̀gbà a máa ti ara rẹ̀ mọ́ ọrùn, kò sí ẹni tó lè tú u títí afẹ́fẹ́ yóò fi mọ́. Nítorí àwọn ọmọdé tí kì í gbé jẹ́ẹ́ ni wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ní láti débẹ̀ kí eruku tó dé.

Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ká aṣọ lórí okùn. Ìbídùn fà á wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kí ló ń lé ọ?"

"Ẹ bọ́ ẹ̀gbà yín fún mi, Màámi. Ẹ gba tèmi sọ́rùn."

"Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dára yìí? Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe nígbà tí eruku wà lẹ́nu ọ̀nà? Ìbídùn, o ò mọ irọ́ pa láti kékeré."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Mo bẹ̀ yín."

Ìyá náà wo ojú ọmọ rẹ̀, kò sì bi í ní ìbéèrè mìíràn. Ó tú ìdè ẹ̀gbà náà, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ìbídùn fi tirẹ̀ sí ìyá rẹ̀ lọ́rùn, ó dì í, ó fi ọwọ́ kan iná àwọ̀ ewé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá a lójú. Lẹ́yìn náà ni ó fi ti ìyá rẹ̀ sí ọrùn ara rẹ̀, nítorí kò sí ẹ̀gbà mìíràn nínú ilé, ẹni tí kò bá sì wọ nǹkan kan nínú eruku yẹn kò ní rí ìrọ̀lẹ́.

Eruku kọ lu ilé. Yàrá ṣókùnkùn lójú kan náà, páànù orí òrùlé ń ké. Ẹ̀gbà méjèèjì dún gbùn-ún, wọ́n ti ara wọn mọ́ ọrùn. Awẹ́ rọ́bà dìde bo imú ìyá, wọ́n bo imú ọmọ, èémí tútù tó mọ́ sì ń wọlé. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń mí geere. Ìbídùn tẹ́tí sí èémí náà, inú rẹ̀ sì dùn gidigidi.

Kẹ́.

"Kí ló dún lọ́rùn rẹ yẹn?" Ohùn ìyá rẹ̀ wá láti inú rọ́bà.

Kò sí ohun tí òpó ní láti rán sí ẹ̀gbà yìí ní irú wákàtí yìí. Ẹni tó rán an sì rò pé ọrùn ìyá rẹ̀ ló wà.

Kẹ́.

"Ìbídùn!"

"Màámi, ẹ gbọ́ mi dáadáa." Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ti ìyá rẹ̀ mú. "Bí mo bá dákẹ́, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Bí eruku bá lọ, ẹ wá Bàbá Fámúyìdé nínú ihò, kí ẹ jọ dúró níwájú ìlú, kí ẹ fi ẹ̀gbà yìí hàn wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò tẹ̀ka sí i."

"Kí lò ń sọ? Ta ló ní kí o tẹ̀ka sí kí ni?"

Ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi dá a lóhùn nígbà tí iná abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ṣẹ́jú. Ìyá rẹ̀ rí i bó ṣe pupa, lẹ́yìn náà ó sì rí i bó ṣe di àwọ̀ ewé.